Ọwọ́ Ọ̀tún Ajíbádé

Ọdún mẹ́fà ni Ajíbádé fi gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wó ẹnikẹ́ni tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ti Amẹ́ríkà padà sí Òmù-Èkìtì lọ́dún 2001, ọrùn rẹ̀ nípọn bí ìdí ọ̀pẹ, kò sì lè yí i dáadáa.

Bàbá Olúsọjí, aládùúgbò wọn, wá kí i. "Góòlù mélòó lo gbá wọlé?"

"N kò gbá ọ̀kankan, sà. Èmi ni mo máa ń gbé wọn ṣubú."

"Ìjàkadì lo lọ jà nígbà náà!"

Ajíbádé rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ní Sátidé kan, Ìbíyẹmí ìyá rẹ̀ ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé. Iná pọ̀ jù, ó ní kó bá òun fa igi kan jáde. Ajíbádé fọwọ́ ọ̀tún di etí agbada mú kó má baà yẹ̀, ó sì fi òsì fa igi. Igi jáde tán, kò tíì jọ̀wọ́ agbada. Òórùn ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

"Ajíbádé! Ọwọ́ rẹ!"

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo tẹlòmíràn. Àtẹ́lẹwọ́ ti bó.

Ìyá rẹ̀ da omi lé e. "Kò dùn ọ́ ni?"

"Kò dùn mí, Màámi. Ní ọdún kẹta ni mo forí kọlu ẹnì kan, ọrùn mi dún, ọwọ́ yìí sì kú tipiri. Mo máa ń fi báńdéèjì wé e kí kóòṣì má baà mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò wá sí ulé?"

"Kò sí nǹkan mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ní Mọ́ńdè, wọ́n lọ sí ọsibítù ní Ìdó-Èkìtì. Dókítà wé egbò náà, ó sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti ọrùn ti pẹ́ jù, ọwọ́ náà kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Bí wọ́n ti ń padà sílé, ìyá rẹ̀ sunkún títí wọ́n fi kọjá Ìfàkì. Ajíbádé ń wo oko kòkó lẹ́bàá títì. Ó ń retí kí omijé bọ́ lójú òun náà, kò bọ́.

Nígbà tí egbò san, ìyá rẹ̀ fi oko ẹ̀gẹ́ hàn án. Ajíbádé ní láti máa wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó di ọkọ́ mú. Ebè àkọ́kọ́ wọ́. Ó kọ òmíràn. Kò lè sọ bóyá ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń lọ.