Omi Mẹ́kà àti Túúlu Wa

Bí nǹkan oṣù mi bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́rí túúlu á dé. Àlàájà Kúlísúmù, ìyá ọkọ mi, ní kí n máa mu omi samusamu táwọn gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Òun ló lé túúlu tàwọn lọ. Mo mu ún títí ó fi sú mi, síbẹ̀ orí ń fọ́ mi bíi pé gbogbo jẹnẹrétọ̀ Festac wà nínú rẹ̀.

Inú bí mi, mo mú wọn lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Agboju. Ó ní họ́mọ̀nù obìnrin tó ń lọ sílẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé lè fa túúlu. Tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró pátápátá, túúlu náà máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ obìnrin.

Ìyá ọkọ mi rọra fọwọ́ kan ikùn wọn.

“Sùbúhánalláhì! Ọdún tí mo lọ Mẹ́kà gan-an ni nǹkan oṣù tèmi dúró. Ara mi ló ṣiṣẹ́ yẹn, n ò sì kí i kú iṣẹ́ rí.”