Igbá Tiwa Dé

Aránṣọ náà kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì nígbà tí àlejò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Kọ́là aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, ó sì fẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ pé òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí ń kó orin àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì agbègbè wọn jọ sínú àwo kan ṣoṣo, orin àwọn ọ̀dọ́ àtijọ́ tó ti mọ́tò bàbá wọn síta, tí wọ́n ń ta gìtá nínú gáréèjì títí aládùúgbò fi fẹ́ ya wèrè. Ẹgbẹ́ orin tí aránṣọ yìí wà nígbà èwe rẹ̀ wà lára wọn. Òun ló ń kọrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ta gìtá, ẹni tó ń lu ìlù fún wọn ló sì wá di ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kó bá orin wọn. "Ìgbà tiwa dé" ni wọ́n fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n gìtá ẹ̀gbọ́n gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àbúrò náà tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ló bá di "igbá tiwa dé." Gbogbo àdúgbò gbọ́ igbá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Onígbá, àwọn aláìnítìjú kan tilẹ̀ ń béèrè ibi tí wọ́n pàtẹ sí.

Àlejò ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àwo. Ó rọ aránṣọ pé kó wá tún ìlà yẹn kọ, kí wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Máíkì kan ṣoṣo ni wọ́n lò láyé ọjọ́un, nítorí náà gìtá á bá ohùn lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ta tuntun sí i. Bí kò bá gbà, ẹgbẹ́ mìíràn ń retí àyè náà.

Ọkọ rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní kó jọ̀ọ́ gbà. Ó ń wù ú kí àwọn ọmọ gbọ́ ìlù òun kí òun tó darúgbó tán, ta ló sì máa bá a wí?

Aránṣọ dá máṣíìnì dúró. Inú ń bí i gidigidi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú kí orí rẹ̀ tó hewú, kò sì sí ibòmíràn láyé tí ìka rẹ̀ ṣì wà àfi nínú orin yẹn.

"Bí o bá máa yọ gìtá ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "yọ ohùn tèmi náà."

Ọkọ rẹ̀ húkọ́. "Yọ ìlù mọ́ ọn," lòun náà wí.

Orin tí wọ́n yọ ohùn, gìtá àti ìlù kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbà mí, kí ló kù níbẹ̀? Àlejò fẹ́ràn orin náà ju bó ṣe ń fẹnu sọ lọ. Ó ní ó dáa, òun gbà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn á tún fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ bírò jáde.

"Ó kéré tán, mà, ṣé kí n kọ 'ìgbà' sẹ́yìn àwo?"

"Igbá ni kí o kọ. Fi àmì ohùn òkè sórí rẹ̀ kó hàn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e sókè."