Irùngbọ̀n Ìdajì Kì Í Rìnrìn Àjò

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tó gbé mi lóru àná fún yín kí àwọn oníná tó tún ṣe tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Fátókí, ẹ tẹ orí ba díẹ̀. Alhaji Yínúsà, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yin ló kàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì ò fẹ́ fojú kan ara yín láti ìgbà tí ìjà lórí gọ́tà tó wà láàárín ilé yín ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò yìí, irun ò sì mọ̀ pé ẹ ń jà. Ẹ má sì wo ojú mi báyẹn, mo ń bọ̀ síbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n ní kí n wá ṣe alága ẹgbẹ́ onílé, ọ̀sán òní sì ni ìpàdé mi àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé mo ti di ẹrù lálẹ́ àná. Mo fẹ́ sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹdẹ ní ìdájí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Alága tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ká agbádá títí oúnjẹ á fi tutù. Èmi, ẹ̀wù iṣẹ́ tí irun kún inú rẹ̀ ni mo ní. Mo wá ń fi kílípà tún irùngbọ̀n mi ṣe kí n lè dé Ẹdẹ bí ọmọlúàbí, ni iná bá lọ. Mo bínú, mo lọ sùn.

Àfi bí mo ṣe bá ara mi lábẹ́ ọ́fíìsì ìjọba kan tó léfòó lójú òfuurufú. Okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé Ìyá Sídí, opó tí omi gọ́tà yín máa ń ya wọ yàrá rẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ní bóyá ilẹ̀ ti wọ́n jù fún ìjọba. Mo di okùn mú, mo gùn ún lọ sókè.

Tábìlì kan tó wọ táì ló wá pàdé mi. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn alága tuntun níṣẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí alága ṣe ń pẹ́ dé. Èkejì ni bó ṣe ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó ti rẹ àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ wa, wọ́n ní ká lọ jẹun.

Bí a ṣe jẹun tán, wọ́n gbé òǹtẹ̀ kan jáde. Òǹtẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, ọ̀gá. Onígbàjámọ̀ lásán ni mí."

"Lásán," ni òǹtẹ̀ wí, ó sì lù mí níwájú orí. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi já bọ́, ó rìn lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mi ò bá a wí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́?"

"Rárá o. Tẹnu àwọn oníbàárà nìkan ni mo máa ń gbọ́, lásán náà ni."

Ó tún lù mí. Etí mi òsì tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Bó ṣe ń lọ, ó ní òun ti rò pé ẹjọ́ lòun ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ni ìjà bá bẹ́ láàárín àwọn ọ̀gá lórí ẹni tí yóò máa di òǹtẹ̀ mú. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ni ìwo ń hù lórí wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo ní ẹ kú oríire. Wọ́n ń kan ara wọn lọ. Ọ́fíìsì ń fì sọ́tùn-ún sósì, okùn sì ń já díẹ̀díẹ̀. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Òrùlé Ìyá Sídí ló wà níbẹ̀ gan-an, obìnrin náà sì ń gbọ́n omi jáde nínú yàrá, kò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé àlá ni, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Kílípà mi bá sọ̀rọ̀ nínú àpò. "Bàbá Kúbúrá, kí lẹ̀ ń wò?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mi ò tíì kẹ́kọ̀ọ́ tán."

"Ọjọ́ tí àwọn olóṣèlú méjì pàdé ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí wọ́n fẹ́ fọ́ ìgò mọ́ ara wọn lórí, ta ló là wọ́n?"

"Mi ò là wọ́n. Mo kàn fá orí ẹnì kìíní dé ìdajì, mo gbé e dìde. Mo fá ti ẹnì kejì náà dé ìdajì. Mo wá jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà."

"Èwo ló bínú jáde nínú wọn?"

Mo rò ó wò. "Ta ló fẹ́ gbé ìdajì orí rìn láàárín ìlú? Wọ́n yanjú ẹ̀ kí ẹ̀pà mi tó tán."

"Ó dáa," ni kílípà wí, "ẹ máa sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan lọ. Ọwọ́ ọ̀tún yín ló kàn."

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ti ń dágbére fún tòsì. Mo bá fi ohùn tí mo fi ń pè yín lọ́jọ́ Sátidé bi àwọn òbúkọ pé, "Ta ló kọ́kọ́ dé?"

Gbogbo wọn fi ìjà sílẹ̀, wọ́n tò. Mi ò tíì rí ẹ̀dá tí kì í dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Àtàǹpàkò sáré padà, etí náà dé, ó ní, "Ṣebí mo sọ?" Mo gẹ irùngbọ̀n òbúkọ àkọ́kọ́ dé ìdajì, mo ní kó dìde, ó kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi dé ìparí ìlà, ojú ti gbogbo wọn, ọ́fíìsì ò mì mọ́. Wọ́n ní tí n bá lè gẹ ìyókù, kí òǹtẹ̀ lọ máa bá tábìlì gbé. Tábìlì ní òun ò fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ la wà tí kílípà fi ń pariwo lọ́wọ́ mi, mo bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́, iná sì ti dé. Kílípà tí mo gbàgbé láti pa lálẹ́ ń pariwo, ó ń jó kiri lórí tábìlì. Ìyá Kúbúrá dúró ti ẹrù mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé irú ojú yìí lẹ fẹ́ gbé lọ Ẹdẹ?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Apá kan ń dán, irùngbọ̀n kún apá kejì.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni ìyàwó mi wí. "Ìpàdé yín ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn yín ni?"

Ohun tí ẹ̀ ń wò lójú mi láti àárọ̀ nìyẹn. Mi ò ní gẹ ìyókù títí ìpàdé ọ̀sán yóò fi parí, kí n má baà tún di ẹrù.

Ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Fátókí, ẹ dìde. Ẹ ní ó ku apá òsì? Mo mọ̀. Alhaji, ẹ bọ́ fìlà kí ẹ máa bọ̀ lórí àga. Kí lẹ ń wo ẹnu ọ̀nà sí? Ìyá Sídí ló jókòó síbẹ̀ yẹn, kò sì ní dìde fún yín. Tí mo bá ti fá tiyín dé ìdajì, kí ẹ̀yin méjèèjì máa sọ̀rọ̀ gọ́tà. Èmi fẹ́ jẹ ẹ̀pà.