Ajá Hilja

Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kò tíì gbẹ lórí koríko tí Raimo fi lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù abúlé. Kerttu, olùkọ́, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní kíláàsì:

"Látìgbà tí arúgbó Hilja ti ra ajá ni àgùntàn ti ń kú. Ajá náà ló ń pa wọ́n. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ọ̀tá abúlé ni."

"Níbo ni àlébù ọ̀rọ̀ yìí wà?" ó bi kíláàsì.

Venla, ọmọ Raimo, nawọ́. "Pé nǹkan méjì tẹ̀ lé ara wọn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ìkookò wà nígbó. Màá ṣàlàyé fún bàbá mi."

"Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Kí ni ọ̀mùtí fẹ́ mọ̀?" Kerttu ní.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, bàbá mi lẹ bú. Ẹ ò dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lóhùn."

"Jókòó."

Èébú náà ṣáájú àlàyé délé. Nírọ̀lẹ́, Raimo gbé ìbọn wọ àgbàlá Hilja. Kerttu gbọ́, ó sáré débẹ̀, ó dúró síwájú ajá.

"Tíṣà, ẹ kúrò o. Ọwọ́ ọ̀mùtí máa ń gbọ̀n."

"Raimo, gbọ́ mi ná..."

Raimo fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín bọ́. Bí Kerttu ti ṣubú, ìbọn dún, ó ba ajá. Ajá ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ Hilja. Raimo tún yìn ín níbọn.

Ọlọ́pàá gba ìbọn, wọ́n ní kí Raimo máa retí ilé ẹjọ́. Yìnyín bọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo abúlé sì kó àgùntàn sínú ilé ẹran. Ìkankan kò kú mọ́.

"Mo pa ajá, ikú dáwọ́ dúró!" Raimo ń fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," olùtajà ní. "Ta ni ò mọ̀?"

Kerttu wà níbẹ̀, wọ́n ti rán ètè rẹ̀.

"Bàbá, inú ilé ni àgùntàn wà," Venla ní. "Ìkookò kì í ṣílẹ̀kùn."

Raimo gbá a létí. Búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ fò dànù. "Tíṣà yẹn ló kọ́ ẹ!"

"Ẹni tó kọ́ mi kọ́ la ń sọ." Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. "Ṣé irọ́ ni?"

Raimo tún gbọ́wọ́ sókè. Kerttu di ọwọ́ náà mú.

"Èmi ni mo bú ẹ, Raimo. Mo jẹ̀bi. Ọmọ yìí ò bú ẹ. Dá a lóhùn."

Raimo já ọwọ́ gbà, ó jáde láìra ohun tó wá rà.