Ilé Ẹ-Rọra

Ọjọ́ tí yunifásítì sọ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin làwọn máa fi pe ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé, ńṣe ni mo gbé oúnjẹ mi tì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Mo jowú, ó tán.

Lóòótọ́, òun ni alábòójútó àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé náà. Ọdún méjì péré! Ó rí ọkọ olówó, ó kẹ́rù, ó lọ. Èmi àbúrò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ni mo wà títí irun mi fi funfun. Èmi ni mò ń jí wọn lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mò ń jókòó ti èyí tí ibà bá dá dúbúlẹ̀. Àtẹ̀gùn kẹta ti sán, wọn ò tún un ṣe, èmi náà ni mò ń dúró nísàlẹ̀ láràárọ̀ tí mò ń pariwo, "Ẹ rọra! Ẹ rọra o!" Síbẹ̀, òun lorúkọ kàn. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn: aṣọ tuntun, tiẹ̀; àlòkù, tèmi.

Ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ilé náà lórúkọ pé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà gogoro, ó ń rẹ́rìn-ín kiri. Ọkùnrin tó gbé pátákó orúkọ wá pẹ́ kó tó dé, òógùn ti bò ó.

"Ẹ má bínú, màmá. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè, wọn ò mọ orúkọ yìí. Ìgbà tí mo sọ pé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni wọ́n tó ní, 'Áà, Ilé Ẹ-Rọra!'"

Ẹ̀gbọ́n mi fajú ro. "Ta ló ń jẹ́ Ẹ-Rọra?"

Èmi gan-an ò gbọ́ ọ rí. Ó fìbínú kọjá lára mi, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: "Ẹ rọra!"

Àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé hó yèè, wọ́n ń nàka sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi, ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Irú ojú yẹn lèmi náà ti fi ń wò ó láti kékeré.

Mo na ọwọ́ kó dì í mú. Kò dì í mú.

"Ilé mi ni," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n gùn."

Mo yíjú sí oníṣẹ́ náà.

"Kàn án mọ́ ògiri, jàre. Àwọn ọmọ yìí ò ní kà á."