Àpótí Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Kìíjò ti ki orí bọ inú búùtù ọkọ̀ náà títí dé èjìká, ó lẹ etí ọ̀tún mọ́ ara àpótí bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò gbọ́ lára ògiri. Bèésì ń dún nínú rẹ̀, ó ń lu agbárí rẹ̀ gbì, gbì, gbì. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó yọ orí jáde, ó gbọn iyẹ̀ pákó kúrò ní irùngbọ̀n, ó ní kò sí ibì kankan tó ń jò.

Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wáyà, kọ́kọ́ pa orin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń súfèé."

"Etí ẹ ló ń súfèé."

Wáyà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí àbúrò fi ń bo ohun tí kò fẹ́ sọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Wáyà ló ń de ẹ̀rọ orin mọ́ ọkọ̀ onírúurú èèyàn. Kìíjò, tó ti ń ṣe káfíńtà láti ìgbà èwe, ló ń kan àpótí tí wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé bèésì jáde, ń gbé inú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kò ṣàdédé wá. Nígbà tó kan àpótí àkọ́kọ́, ó rọ omi kún inú rẹ̀ níwájú oníbàárà, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà lọ jẹun kó padà wá. Ìwé ìròyìn náà kò tutù. Omi mú kí àpótí wú, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó sì di dandan kó kan òmíràn, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Wúfà ńlá máa ń mí bí èèyàn. Bí ó bá ti àyà síwájú, tó sì fà á sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ inú àpótí ló ń tì í, tó ń fà á. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ríbi yọ́ jáde, bí ihò náà tilẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, bèésì á rọ bí ẹni tí ebi ń pa, ihò náà á sì máa súfèé lẹ́yìn rẹ̀.

Àpótí ti òní yìí tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà eléyín kan ló ni ọkọ̀ náà, obìnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi àkókò òun ṣòfò. Ó ní orin wu òun, ṣùgbọ́n ìdajì búùtù gbọ́dọ̀ ṣófo fún àpò irinṣẹ́ òun. Odindi ọjọ́ méjì ni Kìíjò fi yanjú àlọ́ yẹn: ogójì lítà afẹ́fẹ́, nínú kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ̀yìn àpótí dà gẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn àga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan má sì dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ó ṣírò rẹ̀ sára pákó, ó yọ ààyè tí wúfà fúnra rẹ̀ máa gbà kúrò, ó yọ ti igi tó fi gbé inú rẹ̀ ró, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. "Afẹ́fẹ́ ò mọ igun," ni ó ń wí fúnra rẹ̀. "Iye lítà ló mọ̀." Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó já àlọ́.

Aago mẹ́rin ni dókítà ń bọ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lù.

Láti ọjọ́ Ajé ni ìwé kan ti wà lórí tábìlì Wáyà, ìwé ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gé àpótí wúfà, tó sì ń tà á ní kíkàn tán. Wáyà kò fi pamọ́, kò sì dárúkọ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àpótí méjì ni oníbàárà gbé padà wá. Kìíjò ní àwọn oníbàárà ló ń yí ohùn rẹ̀ sókè jù. Ṣùgbọ́n bí eléyìí bá tún padà, ó mọ̀ pé ìwé yẹn á lanu sọ̀rọ̀. Káfíńtà ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí kò kan àpótí mọ́, kí ló kù tó máa ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ orin? Kó máa gbálẹ̀?

Wáyà ní òun kò fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n òun jiyàn. Ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó bẹ aránṣọ ibẹ̀ pé kó wá bá àwọn gbọ́ nǹkan. Obìnrin náà dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Wáyà tan orin. Kò tíì bi í ní ìbéèrè tí obìnrin náà fi yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Kí ló ń ṣe fíìì bíi táyà tí ìṣó gún yìí?"

Aránṣọ náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kìíjò dúró sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òrùlé ọkọ̀.

Ó rántí ẹ̀fọn. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń fọ́nnu fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀fọn ti kó kúrò ní yàrá àwọn. Ìyàwó rẹ̀ á na apá tó lé wúruwùru sí i, á ní, "Wọn ò kó lọ o, ọ̀dọ̀ tèmi ni wọ́n kó wá." Àwàdà ló pè é. Ó rántí kẹ́tùrù tó máa ń fọn fèrè bí omi bá hó, tí òun jókòó tì lọ́jọ́ Àìkú, tí omi fi gbẹ mọ́ ọn nídìí. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn oníná. Ayùn náà ti ń gé nǹkan mìíràn mọ́ pákó, kò sì sọ fún un.

Ó lọ bọ ọwọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó ní kí Wáyà tan orin náà, kó jẹ́ ti bèésì nìkan. Ó wá ń mú ẹ̀yìn ọwọ́ tútù náà rìn lórí àpótí, oríkèé pákó kan lẹ́yìn òmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ ọwọ́. Apá òsì, kò sí. Orí, kò sí. Ẹ̀yìn tó dà gẹ́rẹ́, níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á jù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo oríkèé rẹ̀ pa dé. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, sí ibi tí wáyà ti wọ inú àpótí.

Èémí tútù fẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ó fẹ́, ó fà, ó tún fẹ́.

Ihò yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Wáyà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú lánàá, ó sì fẹ̀ ju wáyà lọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Kìíjò, ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ìwé orí tábìlì á di ìwé ìnuwọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò tún béèrè etí ta ló gbọ́ àti etí ta ni kò gbọ́. Ó gbé e mì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

"Ibí ni," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wáyà, mi ò gbọ́ ọ. Àní títí di ìsinsìnyí tó ń ṣe é, mi ò gbọ́ ọ."

Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ihò tó fúnra rẹ̀ lù, ojú tì í.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Tí ẹ bá ti lọ sílé, mo máa ń wá ibi tó ń jò, mo máa ń dí i. Méjì yẹn ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Eléyìí, àárọ̀ ni mo ti ń wá a, mi ò rí i."

"Ìwé yẹn ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹ máa bi mí ni. Tí ẹ bá bi mí, mo máa lè sọ èyí tó kù, ọ̀rọ̀ etí yín."

Kìíjò mi orí. Ó fẹ́ sọ pé ọmọ burúkú ni ọ́, ṣùgbọ́n kò jáde bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní kó gbé gáàmù rọ́bà wá. Wọ́n fi í yí wáyà ká, Wáyà di iná tọ́ọ̀ṣì mú, Kìíjò fi ìka àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Wọ́n dúró kó gbẹ. Láàárín ìgbà yẹn, wọn ò sọ ju ọ̀rọ̀ oòrùn àti ti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Wáyà tún tan orin. Bèésì jáde, ó kún, ó yí po, gíláàsì ọkọ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì. Kìíjò fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Èémí kankan kò sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń ṣe é?"

Wáyà rọra yí ọkọ̀ náà po, ó dúró níwájú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó padà sídìí búùtù. Kìíjò dúró dè é.

"Ó ti dákẹ́," ni Wáyà wí.

Kìíjò gbà á gbọ́. Ó yà á lẹ́nu pé fífi etí ẹlòmíràn gbọ́ kò wúwo tó bí òun ṣe rò.