Kànga Sàráà Hàmídù

Inú ń bí Púrófẹ́sọ̀ Adémúyìwá láti Atíkórí títí dé Japara, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn ín. Ta ni yóò gbé irú ìbínú yẹn sórí ọ̀kadà? Hannah ìyàwó rẹ̀ ní kó mu ẹ̀kọ gbígbóná kó tó jáde, ó ní ẹ̀kọ kọ́ ló ń bí òun nínú. Wọ́n ti gbé ọmọ Asimawu, obìnrin tó ń yan gàrí ní Japara, lọ sí ọsibítù lánàá. Àrùn onígbáméjì ni. Kànga Nimotalahi, opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n sì ti ń pọnmi.

Ẹ má dá a lẹ́jọ́ o. Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni ọkùnrin yìí lo ayé rẹ̀ sí, kòkòrò inú omi ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kiri Òde-Omi rí, ó ń bẹ àwọn apẹja pé kí wọ́n yé yàgbẹ́ sínú omi tí wọ́n ń bù mu. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún un lẹ́ja, wọ́n sì ń yàgbẹ́ wọn lọ. Ó fẹ̀yìn tì, ó rò pé òun á sinmi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Hàmídù, ọkọ Nimotalahi. Nígbà tí Hàmídù kú, ìyàwó rẹ̀ gbẹ́ kànga síwájú ilé lórúkọ rẹ̀, sàráà tí kì í tán. Ẹnikẹ́ni tó bá mu níbẹ̀, láádá rẹ̀ ń bá òkú nínú sàréè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí Bàdírù ọmọ wọn kọ́ yàrá fáwọn ayálégbé, tó gbẹ́ ṣaláńgá sí ẹ̀gbẹ́ kànga gan-an. Púrófẹ́sọ̀ bu omi náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbẹ́ ló bá níbẹ̀. Ó kọ ọ́ síwèé fún ìyá náà pé kí wọ́n ti kànga pa. Ìyá náà ní òun ò lè tilẹ̀kùn láádá mọ́ ọkọ òun. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Nimotalahi kúnlẹ̀ kí i ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Adéfọlá. Ẹ fi omi tutù panu." Omi inú ọ̀rá ló gbé lé e lọ́wọ́. Púrófẹ́sọ̀ wo ẹ̀yìn ìyá náà, ó rí àpò omi ọlọ́ràá tí wọ́n tò dé ojú fèrèsé.

"Ìyá Bàdírù, láti ìgbà wo lo ti ń ra omi mu?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Inú máa ń run mí tí mo bá mu ti kànga."

Ojú Púrófẹ́sọ̀ pọ́n. "O mọ̀. Èyí tó ń run ìwọ nínú lo fi ń ṣe sàráà fún ọmọ ọlọ́mọ. Hàmídù tí mo mọ̀ kì í fún èèyàn lóhun tí òun fúnra rẹ̀ ò lè jẹ. Ó yá, jáde, fa omi yẹn, kí o mu ún lórúkọ rẹ̀ lójú mi."

Obìnrin náà jáde, ó fa omi, ó bù ú sínú ife. Ó ní "Bísímíláì," ó gbé e sẹ́nu.

Púrófẹ́sọ̀ ò mọ ìgbà tí òun gbá ife náà dànù. Omi dà sí wọn lára. 

Nimotalahi wo ife náà nílẹ̀. "Ìwé tí ẹ fún mi nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù omi yìí ń ba ẹ̀yin gan-an."

"Ó ń bà mí. Ó yẹ kó ti ba ìwọ náà."

"Ọmọ Asimawu ńkọ́?"

"Ó ṣì ń mí."

Nimotalahi wọlé, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó gé okùn garawa jù sínú kànga, ó wọ́ páànù bo ẹnu rẹ̀, ó sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Kò sunkún.

"Ẹ dúró kí n mú ìborùn mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ẹnu tèmi ni kí Asimawu ti gbọ́ pé mo mọ̀."